Fáìlì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sí

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí owó ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì wọn ló kọ script kan fún wọn, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kékeré, ní èdè Python, bí igba ìlà. Script yìí á ka owó tí wọ́n yọ lára owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ṣírò èlé orí ẹ̀yáwó, á sì kọ iye tó kù lọ́rùn oníkálukú sínú fáìlì CSV mìíràn, ìyẹn tábìlì tí kọ́mà pín. Kí ọmọ náà tó dé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò ní gbogbo ìparí oṣù. Script yẹn ń parí ẹ̀ kí èèyàn tó mu omi inú ife tán.

Ọmọ náà parí ọdún ẹ̀, ó lọ. Ìwé kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà ló fi sílẹ̀ fún wọn:

`cd /home/akowe/Documents/ise`
`python3 ise_final2.py osu.csv`

Ìyá akọ̀wé, tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, á máa wo ògiri, wọn á máa tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fo ìlà àkọ́kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Bí àyè tó wà lẹ́yìn `python3` bá bọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pè mí, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀ rárá. Wọ́n ní: "Ẹ̀ńjìníà, ṣé kò ṣeé ṣe kí n kàn kọ orúkọ ẹ̀, kó dá mi lóhùn ni? Àwọn yòókù tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, ṣé ẹlòmíràn ni mo máa ń kọ́kọ́ kí kí n tó kí wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn jinlẹ̀. Àṣẹ bíi `ls`, tó ń to orúkọ fáìlì, wà nínú kọ̀ǹpútà ní èdè tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ gbọ́. Script kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni, tí èèyàn lè ṣí kó sì kà bí ẹni ka lẹ́tà. Ó nílò ògbufọ̀ tí yóò máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. `python3` ni ògbufọ̀ yẹn. Òun ni ìyá ń kọ́kọ́ kí. Bí wọn kò bá ní kí i mọ́, fáìlì fúnra ẹ̀ ni yóò máa sọ ẹni tí ẹ̀rọ yóò lọ pè fún un.

Èmi náà mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, ìkánjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ubuntu 20.04 ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, irú Linux kan, tó ń darí ẹ̀rọ bí Windows ṣe ń ṣe. Mo ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo fún fáìlì náà ní àyè láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú `chmod +x ise_final2.py`, mo sì pè é: `./ise_final2.py osu.csv`. N kò ṣí inú ẹ̀ wò.

Kò sí ohun tó jáde. Nígbà tó yá, ọfà máòsì yí padà, ó di àmì bí àgbélébùú. Ìyá ní: "Jésù! Kí lẹ ṣe fún un?" Mo tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan, àgbélébùú lọ, òmíràn tún yọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni terminal wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `from`, ó sì dákú níbi àmì `(` àkọ́kọ́ tó pàdé. Nígbà tí mo wo inú fódà, fáìlì tuntun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ `csv`, èkejì ń jẹ́ `sys`. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló wà nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú script náà ni `import csv` àti `import sys`. Kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, máa ń wo báìtì ìbẹ̀rẹ̀ (báìtì ni ẹyọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa nǹkan mọ́) fáìlì tí a bá ní kó mú ṣiṣẹ́. Bó bá bá àmì ELF níbẹ̀, ó mọ̀ pé èdè ẹ̀rọ ni. Bó bá bá `#!`, ó mọ̀ pé script ni, orúkọ ògbufọ̀ ló sì tẹ̀ lé e. Script tiwa kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, kernel bá dá a padà pé òun kò mọ irú ohun tí èyí jẹ́. Bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀ nínú terminal, ní àṣà àtijọ́ kan: bí kernel bá kọ fáìlì tó ní àyè iṣẹ́ báyìí, bash á gbà pé script tòun ni, á sì máa kà á fúnra ẹ̀. Ó ka `import csv`. Àṣẹ kan sì wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ `import`, nínú ImageMagick, tí àgùnbánirọ̀ yẹn ti kó sórí ẹ̀rọ láti fi dín fótò káàdì ọmọ ẹgbẹ́ kù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kó sì fi í pamọ́ sínú fáìlì tí a bá dárúkọ. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àmọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán kọ́ nìyẹn.

Orí ló yọ mí. Bó bá jẹ́ pé orúkọ àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́ ló bá ìlà kan nínú script yẹn mu, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í fún fáìlì ní `+x` láì tíì wo ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀.

Ìlà `#!` yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní oṣù Kínní ọdún 1980 ni Dennis Ritchie, ọ̀kan lára àwọn tó dá Unix, tí Linux tọ ipasẹ̀ ẹ̀, sílẹ̀ ní Bell Labs, ṣàlàyé àyípadà náà: kernel Unix fúnra ẹ̀ ni yóò máa wo ìlà yẹn, kí script lè máa jẹ́ orúkọ ara ẹ̀ bíi gbogbo ètò yòókù. Ohun tí ìyá akọ̀wé bèèrè gan-an nìyẹn, ogójì ọdún lẹ́yìn náà.

Mo fi `#!/usr/bin/env python` sókè fáìlì. Ó ní `python` kò sí. Òótọ́ ni, Ubuntu 20.04 kì í fi orúkọ `python` lásán sílẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́, `python3` ló mọ̀. Mo wá ronú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí a máa lo `env` nígbà gbogbo, nítorí òun ló ń wá ògbufọ̀ níbikíbi tó bá wà lójú ọ̀nà PATH, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti máa ń wá àṣẹ. Fún ohun tí èèyàn fẹ́ pín kiri ayé, mo gbà. Fún ọ́fíìsì kan tó ní kọ̀ǹpútà kan, mi ò gbà. `env` lè lọ mú Python mìíràn tí ẹnì kan kó wọlé lọ́la. Mo kọ `#!/usr/bin/python3`, ọ̀rọ̀ parí.

Ó ṣiṣẹ́. Mo yọ `.py` kúrò nídìí orúkọ ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe `ls` ní `ls.c` bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì gbé e sínú fódà `bin` tí mo dá sínú ilé akọ̀wé. Ubuntu máa ń fi fódà yẹn kún PATH, àmọ́ ìgbà tí èèyàn bá wọlé sórí ẹ̀rọ ló máa ń wò ó bóyá ó wà, nítorí náà a ní láti jáde ká tún wọlé.

Ìyá fẹ́ kó máa jẹ́ "ẹ̀yáwó", pẹ̀lú àmì ohùn lórí ẹ̀ pátápátá. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n. Kò sí lẹ́tà ẹyọ kan nínú Unicode, àkọsílẹ̀ lẹ́tà gbogbo èdè fún kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ẹ̀, àkópọ̀ ni: ẹ pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró, tàbí è pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú Linux, tó jẹ́ pé báìtì ló fi ń mọ orúkọ fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ti àkọ́kọ́, kí òmíràn kọ ti èkejì. A fi sí `eyawo`.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n pè mí pé ó ní fáìlì `omo_egbe.csv` kò sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ tí ìlà `cd` tó wà lára ògiri ń ṣe láti ọjọ́ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Script náà ń wá orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú fódà tí ẹni tó pè é bá dúró sí. Nígbà tó ṣì jẹ́ script inú fódà kan, kò ṣe nǹkan kan. Ètò tí a lè pè láti ibikíbi kò gbọ́dọ̀ máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó pè é. Mo kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé fódà `alajeseku` nínú ilé ẹni tó ń lò ó ni kó máa wò, pẹ̀lú `Path.home()`.

Oṣù méjì kọjá, ara dẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ dín èlé kù.

Iye èlé wà nínú script fúnra ẹ̀, ní ìlà kan lókè. Bàbá akápò, tí wọ́n ní ojú fún nǹkan báyìí, ní àwọn á yí i padà fúnra àwọn. Wọ́n fi fláàṣì gbé fáìlì náà lọ sílé, sórí Windows 7 wọn. Notepad fi gbogbo ẹ̀ hàn ní ìlà gígùn kan ṣoṣo, nítorí Notepad ìgbà náà kò mọ òpin ìlà ti Linux. Wọ́n bá ṣí i ní WordPad, ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó tò gẹ́rẹ́gẹ́. Wọ́n yí nọ́ńbà kan padà, wọ́n fi í pamọ́, wọ́n gbé e padà wá, wọ́n sì gbé e sí ipò ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe yìí bí èèyàn bá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kọ `eyawo`. Ẹ̀rọ kò gbà wọ́n láàyè. Wọ́n pè mí, mo wà ní Ìlọrin. Ìyẹn kò le: fláàṣì wọn kò ní ibi tó ń fi àmì `x` pamọ́ sí, àmì náà sì ti bọ́ lójú ọ̀nà. Mo ka `chmod +x ~/bin/eyawo` fún wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún pè é.

"Ó ní no such file or directory."

Mo ní kí wọ́n tẹ `ls ~/bin`. "`eyawo` ló wà níbẹ̀ yìí." Mo ní ṣé wọ́n dá orúkọ ẹ̀ kọ dáadáa. Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn kò mọ ìwé kọ ni. Wákàtí kan gbáko la fi ń yí po orí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti ń fura sí díìsìkì ẹ̀rọ. Kí n má parọ́, mo ti ń fura sí ìyá náà.

Ohun tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ ni pé, nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo ní kí wọ́n ṣe é bí ti àtijọ́: `python3 ~/bin/eyawo osu.csv`. Ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́.

Bí ògbufọ̀ bá lè ka ìwé náà nígbà tí a fi ọwọ́ ara wa gbé e fún un, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń pe ògbufọ̀ ni wàhálà wà. Mo wá ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ fún mi, kí wọ́n má fo nǹkan kan. Wọ́n kà á: "`/usr/bin/python3`, lẹ́yìn náà àmì kan bí òrùlé, M, bad interpreter." Wọ́n ti fo apá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí kò ní ìtumọ̀ sí wọn. Ṣé ó yẹ kó ní ni?

Àmì `^M` yẹn ni WordPad fi kún un. Ní Windows, báìtì méjì ló ń parí ìlà, CR àti LF. Ní Linux, LF nìkan ni. Kernel kì í tọ́ ìlà `#!` sọ́nà. Ohun tó bá wà níbẹ̀ títí dé àyè àkọ́kọ́ tàbí LF ló gbà pé orúkọ ògbufọ̀ ni. Kì í ṣe `python3` ló ń wá mọ́, ẹnì kan tó ń jẹ́ `python3` tí CR so mọ́ ìdí ẹ̀ ló ń wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì sí. Python fúnra ẹ̀ kò bìkítà nípa CR, ìdí nìyẹn tó fi kà á láìráhùn nígbà tí a pè é tààrà.

Ìkìlọ̀ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ògbufọ̀ ni kò sí nílé, ẹni tó wá pè é ni wọ́n ń sọ pé kò sí. Bash tiẹ̀ ṣeun, ó fi "bad interpreter" sí i. Bó bá jẹ́ `sh` ti Ubuntu ni, "not found" lásán ni yóò sọ, kò ní sọ ẹni tí òun ń wá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ síbẹ̀. Mo fi `head -1 ~/bin/eyawo | cat -A` han ìyá àti akápò, wọ́n sì rí `^M$` tó jókòó sópin ìlà. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé CR àti LF. Ìyá akọ̀wé kò jẹ́ kí n jìyà. Táíprátà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà èwe wọn. Wọ́n ní: "Ṣé bí a ṣe máa ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ padà sẹ́yìn, ká tó wá yí bébà sókè?" Mo ní ẹ̀hẹ́n. Iṣẹ́ méjì ni lórí táíprátà, Windows ṣì ń kọ méjèèjì sílẹ̀, Linux ń kọ ọ̀kan. Mo yọ àwọn CR náà pẹ̀lú `sed -i 's/\r$//' ~/bin/eyawo`.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo yọ iye èlé kúrò nínú script, mo gbé e sínú fáìlì kékeré kan, `ilana.txt`, nínú fódà `alajeseku`. Akápò lè fi WordPad ṣí ìyẹn bó ṣe wù wọ́n, CR kò lè pa á lára. Ohun tó bá ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀ bí ètò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣí inú ẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan.

Àmọ́ bàbá ti ń fẹ́ tiwọn lórí Windows 7 ilé. Mo ní ó dáa. PyInstaller ni mo lò: òun ń di script, ògbufọ̀ àti gbogbo ohun tí ògbufọ̀ nílò sínú ẹrù kan, tí ẹni tí kò ní Python rárá á sì lè lò ó. Orí Windows ni èèyàn gbọ́dọ̀ ti di ẹrù ti Windows, kò ṣeé dì láti orí Linux. Python 3.8 sì ni ìkẹyìn tó gba Windows 7. Mo di í sí fáìlì `.exe` kan ṣoṣo. Ó ń pẹ́ kó tó ṣí, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá pè é ló ń tú ẹrù sínú fódà onígbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irú ìwà báyìí ni àwọn kòkòrò kọ̀ǹpútà náà ń hù, antivirus bàbá sì gbé e lọ ní ọjọ́ kìíní. Mo wá lo `--onedir`, tí ẹrù ẹ̀ wà ní títú sínú fódà kan. Antivirus fi í sílẹ̀.

Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fèrèsé dúdú kan yọ, ó parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo pè é láti inú `cmd` kí n lè ka ohun tó ń sọ: kò lè ka báìtì `0x8d`. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá sínú fáìlì, ẹ fetí sí èyí. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ lẹ́tà Unicode sí báìtì, lẹ́tà ọ jẹ́ báìtì mẹ́ta: E1, BB, 8D. Bí Python bá ṣí fáìlì lórí Windows láìsọ fún un pé UTF-8 ni, tábìlì lẹ́tà ti Windows ló máa lò, cp1252 lórí ẹ̀rọ yìí, kò sì sí ohunkóhun ní ipò 8D nínú tábìlì yẹn. Lẹ́tà ẹ àti ṣ á kàn di ìdọ̀tí, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọ ní tiẹ̀ á dá iṣẹ́ dúró. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó ní ọ nínú ni gbogbo ẹ̀ ti dákú. Mo fi `encoding="utf-8"` sí gbogbo ibi tí script ti ń ṣí fáìlì, mo tún ẹrù náà dì.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún ọ̀nà tí script ń gbà dín kọ́bọ̀ kù ṣe lórí Ubuntu. Mo gbàgbé pé ẹrù ti Windows kò mọ̀. Èsì akọ̀wé àti ti akápò yàtọ̀ síra, kọ́bọ̀ díẹ̀díẹ̀, lórí orúkọ bíi mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ ohun tí kọ́bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lè dá sílẹ̀ nínú ìpàdé.

Mo wá bi bàbá léèrè ohun tí mi ò bi wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: kí gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí èsì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé má bàa ká àwọn mọ́ orí àga. Wọn kò fẹ́ ṣírò nǹkan kan. A pa fódà `.exe` rẹ́ níṣojú wọn. Akọ̀wé ń fi èsì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dọ̀ wọn, ìdánwò kan ni mo mú dání fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí script bá kọ̀ láti jẹ́ orúkọ ẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ gbé e fún ògbufọ̀ ní ọwọ́. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, inú script ni mo lọ. Bó bá gbà, mi ò ní fọwọ́ kan inú ẹ̀ rárá: mo máa ń wo ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú `cat -A`, mo máa ń wo àmì `x` pẹ̀lú `ls -l`, mo sì máa ń béèrè ọ̀nà tí fáìlì náà gbà kó tó dé ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fláàṣì máa ń wà nínú ìtàn yẹn. Bó bá sì jẹ́ lórí fóònù ni, mo máa ń ní kí wọ́n ya fótò ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi, n kì í ní kí wọ́n kà á mọ́.

Ìwé ara ògiri ṣì wà níbẹ̀. Ìyá akọ̀wé ti fi báírò pa ìlà méjèèjì rẹ́, wọ́n kọ `eyawo osu.csv` sísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì fi àmì ohùn sí e náà, fún ara wọn.